Ká Tó Sanwó Ilẹ̀ ní Gberefu: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò sí Àgbádárìgì

Ọjọ́ Ajé

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìkòròdú ló rán mi níṣẹ́ yìí. Ẹnì kan gbé àwòrán wá sí ìpàdé: iyanrìn funfun, igi àgbọn, òkun lẹ́yìn wọn. Ó ní erékùṣù kan ni ní Àgbádárìgì, Gberefu lorúkọ rẹ̀, pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì wọ́n, pé ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ èbúté ńlá tí ìjọba ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó bá ti ra tiẹ̀ sílẹ̀ ti bọ́ nínú ìṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ làwọn kan ti fẹ́ dáwó. Èmi ni mo ní ká ṣe sùúrù, kí ẹnì kan lọ sùn níbẹ̀ ná, kó jẹ oúnjẹ wọn, kó mu omi wọn, kó bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ. Mo gbà tọkàntọkàn, torí owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó aláta wà nínú rẹ̀, owó télọ̀ wà nínú rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì tíṣà kan tó kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé wà nínú rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpàkòdò láàárọ̀ kùtù, mo sọ̀ kalẹ̀ lérékùṣù Èkó, mo bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Láti Marina dé Mile 2 kò tó ìdajì wákàtí, ara sì tù mí. Ibi tí ìtura parí sí nìyẹn. Ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kó lè gba ọkọ̀ lọ́nà mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n ṣe, ó dán. Ibi tó kù, kòtò àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló kù síbẹ̀. Nígbà tá a kọjá Agbára, igi àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ sì yí padà.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ilé sí Gberefu kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí tòun ti ẹrù. Bí àpò sìmẹ́ǹtì bá fi lè dé Àgbádárìgì, ó ti gbówó lórí. Ó ṣì kù kó sọdá omi.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo dé. Mo sùn sílé ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mi ò pẹ́ nínú ìlú. Mo kọjá lára pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí lọ́dún 1845, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, mo sì kọjá níbi tí wọ́n sàmì sí pé abẹ́ igi Agíyà tó wà níbẹ̀ nígbà kan rí ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere lọ́dún 1842. Àwọn tó mọ ìtàn jù mí lọ ti kọ èyí tó pọ̀ nípa wọn. Iṣẹ́ tèmi wà lódìkejì ọ̀sà.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ibẹ̀ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Iwájú ìlú Àgbádárìgì ni ọ̀sà wà, òdìkejì ọ̀sà ni Gberefu, ẹ̀yìn Gberefu ni òkun. Ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó há sáàárín omi méjì ni. Àwọn Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, apẹja àti àgbẹ̀ alágbọn, wọ́n ń sọ èdè tiwọn láàárín ara wọn, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Bàbá tó ń wakọ̀ ojú omi kò gbà kẹ́nikẹ́ni jókòó láìwọ ẹ̀wù ìléfòó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn ti ọmọ kékeré kan le. Inú mi dùn sí i gan-an, torí omi ti gbé èèyàn púpọ̀ jù ní Èkó nítorí pé ẹnì kan sọ pé ibi tá à ń lọ kò jìnnà. Lóòótọ́, kò jìnnà, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n ẹrù inú ọkọ̀ náà ni mo ń wò: àpò gaàrì, sílíńdà gáàsì, páálí bisikíìtì fún ṣọ́ọ̀bù, páànù méjì tí wọ́n ká. Ìyá kan gbé yìnyín tó fi àpò ìrẹsì wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, omi ń ro lára rẹ̀ sórí pákó ọkọ̀. Ẹja tí ọkọ rẹ̀ máa kó bọ̀ láti òkun ló fẹ́ fi yìnyín náà tọ́jú. Nígbà tá a fi máa gúnlẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Mo bi í bóyá ojoojúmọ́ ló ń ṣe báyìí. Ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ tí mi ò bá rà á, àfi kí n ta ẹja náà ní iye tí aláràtúntà bá fẹ́."

Láti èbúté, iyanrìn la fi ẹsẹ̀ rìn láàárín igi àgbọn títí dé òkun. Lójú ọ̀nà yẹn ni kànga tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Iwájú rẹ̀ ni Point of No Return, ibi àrèmábọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀. Mo dúró níbẹ̀, mi ò lè ya fọ́tò. Wọ́n bí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn lọ́mọ, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n kì wọ́n ní oríkì. Òwò àkọ́kọ́ tí àlejò bá wá sí ilẹ̀ yìí nìyẹn, èrè rẹ̀ kò sì gbé Gberefu rí. Ìdí rèé tí ẹ̀rù fi ń bà mí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé àlejò ń gbé owó bọ̀ níbẹ̀, títí kan owó tiwa.

Mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà, mo ń wo àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Wọ́n dé, amọ̀nà sọ̀tàn fún wọn, wọ́n ya àwòrán, wọ́n padà sínú ọkọ̀. Owó ọkọ̀, owó amọ̀nà, owó òtẹ́ẹ̀lì, òdìkejì ni gbogbo rẹ̀ ń dúró sí. Ohun tí mo rí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ará erékùṣù kò ju àgbọn tútù lọ. Bí ẹnì kan bá máa náwó síbẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò, yàrá mélòó kan tó mọ́, tí èèyàn lè sùn sí, kó jẹ ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde, ni mo rò pé ó ṣe é ṣe. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, ilé bàbá kan tó ń gbé erékùṣù náà ni mo sùn, yàrá ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́rú

Èjẹ́ǹtì tó ń ta ilẹ̀ náà sọdá wá láàárọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Bàbá onílé mi ní òun náà á bá wa rìn. A rìn gba etíkun lọ títí a fi dé ibi tí wọ́n ti kan èèkàn mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, orí wọn pupa. Ọmọ náà ń nàka: èyí ni ọ̀nà ọkọ̀, èyí ni ibi ìgbafẹ́, pílọ́ọ̀tì tiyín nìyí. Ibẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òkun mọ́ láró títí dé ibi tí ojú lè rí i dé.

Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń rìn lọ síwájú títí omi fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá nàka. Kùkùté àgbọn mẹ́ta wà nínú omi, ìgbì ń bò wọ́n, ó ń ṣí wọn. Gbòǹgbò wọn ti yọ síta tán, ìṣáwùrú ti gbé ara rẹ̀ mọ́ ìdí wọn. Ó ní, "Bàbá mi ló gbin ìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Èjẹ́ǹtì ní ìjọba á wá fi òkúta dí i.

Èyí ló jẹ mí lógún jù, ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ lé e díẹ̀. Ní gbogbo etíkun wa láti Tógò wá dé Èkó, ìgbì kì í kọlu ilẹ̀ lọ́gbọọrọ. Ìhà gúúsù sí ìwọ̀-oòrùn ló ti máa ń wá, ẹ̀gbẹ́ ló sì máa ń gbà lu etíkun, ó ń gbá iyanrìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn láìdúró. Bí iyanrìn bá ń lọ, tí òmíràn ń bọ̀ dípò rẹ̀, etíkun á dúró síbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ògiri sínú òkun, iyanrìn á kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, ìhà ìlà-oòrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìyà rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kutonu nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó nìyẹn lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó to òkúta sínú òkun lẹ́nu èbúté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: etíkun apá Lighthouse ń fẹ̀ sí i, Bar Beach sì ń tán lọ títí omi fi ń kọjá sórí títì Ahmadu Bello. Àwa tá a dàgbà l'Ékòó rí i lójú ara wa.

Ní báyìí, èbúté tí àwọn èjẹ́ǹtì fi ń tajà fún wa yìí kan náà, ògiri ni wọ́n máa tì sínú òkun láti fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ etíkun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó béèrè ni ìhà wo nínú èbúté náà ni ilẹ̀ òun máa bọ́ sí. Kò sí ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé wa. Wọ́n tún ń fi ọ̀nà Sókótó sí Àgbádárìgì tí ìjọba àpapọ̀ kéde lọ́dún 2024 kún un. Ọ̀nà náà dára kó wà, mo fẹ́ kó wà. Kò sọ iyanrìn di àpáta.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí wọ́n mú mi lọ kí olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Èjẹ́ǹtì ní kò pọn dandan. Bàbá onílé mi ní ó pọn dandan. A bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó gbọ́ mi tán, ó béèrè lọ́wọ́ èjẹ́ǹtì lédè Ẹ̀gùn, ohùn rẹ̀ kò sì dùn. Ohun tó yọrí sí ni pé ọmọ ẹbí kan ló ń dá pín èèkàn kiri, àwọn àgbà kò tíì jókòó sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí níbikíbi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nínú òfin wa, bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò jẹ́ títà rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí ṣe, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ láti wọ́gi lé e. Lókè gbogbo wọn, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, nítorí náà ẹ gbé sọ̀fẹ́yọ̀ tiyín dání, ẹ má gba ti olùtajà, kó wo ilẹ̀ náà, kó sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá bóyá ìjọba ti gbà á fún nǹkan mìíràn. Èkó ṣòfin lọ́dún 2016 láti fi kojú àwọn ajagungbalẹ̀ àti àwọn tó ń ta ilẹ̀ ẹyọ kan fún èèyàn púpọ̀. Ó dáa kí òfin wà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kì í yára, ìfẹ̀yìntì tíṣà yẹn kò sì lè dúró dè é.

Bàbá àgbà náà ní kí n jókòó. Ó bu omi fún mi. Ó sọ pé àwọn kò fẹ́ ta etíkun, àwọn fẹ́ alájọṣe. Ọ̀rọ̀ kan péré yìí, mo kọ ọ́ sókè nínú ìwé mi.

Nípa omi tí wọ́n fún mi mu: ó dùn, kò ní iyọ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ òkun kò jìnnà. Òjò tó wọnú iyanrìn ló léfòó sórí omi iyọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò sì nípọn. Kànga wọn kì í jìn. Bàbá ní ẹnì kan wá gbẹ́ borehole jíjìn, ó fi ẹ̀rọ fà á tọ̀sán-tòru, kò pẹ́ tí omi rẹ̀ fi yí padà di iyọ̀. Ẹ wo òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀! Kànga ọmọ onílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ tó dùn mọ́ mi jù. Lọ́dọ̀ ìyá onílé mi ni mo lo gbogbo rẹ̀.

Ó ń ṣe òróró àgbọn. Ọkùnrin ilé ti fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bó èèpo òkìtì àgbọn kan láti àná. Àwọn obìnrin fọ́ ọ, wọ́n yọ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tó ń mu bẹntiróòlù. Wọ́n wá pò ó mọ́ omi, wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, wọ́n ń fún un títí iṣan apá wọn fi ń yọ. Omi funfun yẹn ni wọ́n dé mọ́jú. Èyí tí wọ́n ti dé láti òru àná, ìyá ṣí i fún mi wò: ọ̀rá rẹ̀ ti léfòó, ó nípọn lórí, omi tó rẹ̀ sísàlẹ̀ ṣe ràndànràndàn. Ó fi ìgbako kékeré kan rọra kó ọ̀rá náà, kò jẹ́ kó dàrú, ó dà á sínú ìkòkò lórí iná èèpo àgbọn. Ó ń rò ó. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, omi ń gbẹ kúrò lára rẹ̀, ó wá dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, òróró là kedere, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ di pupa rúsúrúsú nísàlẹ̀. Ìyá ní etí lòun fi ń mọ̀ ọ́n, pé ìgbà tí ariwo bá tán ni kéèyàn yára gbé e kalẹ̀. Àwọn ọmọ ti dúró ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, àwo lọ́wọ́. Mo jẹ nínú rẹ̀, ó dùn ju súwíìtì lọ.

Kò sí ohun tó ṣòfò. Èèpo ni iná, ìyẹ̀fun tó kù jẹ́ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, imọ̀ ni òrùlé. Ohun tó ń pa wọ́n lára ni ọjà. Inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń rọ òróró náà sí, aláràtúntà á wá láti ìlú, á dá iye fún wọn, torí ó mọ̀ pé owó ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ fúnra wọn. Òróró kan náà ni mò ń rà nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ní Ìkòròdú, tí wọ́n lẹ bébà aláràbarà mọ́ lára!

Mo bi ìyá náà pé, "Mà, bí ẹgbẹ́ wa bá ní owó tá a fẹ́ ná sí ibí, kí lẹ fẹ́ ká fi ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ronú. Yìnyín ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀rọ kan tí sólà ń gbé ṣiṣẹ́, tó ń ṣe yìnyín níbí, kí yìnyín má yọ́ tán lójú omi mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ní ẹni tí yóò máa ra òróró lọ́wọ́ gbogbo àwọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì san owó rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó jìnnà sí kànga. Kò dárúkọ ibi ìgbafẹ́.

Mo tún lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin àgbọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan tó wà fún ọ̀rọ̀ àgbọn nìkan, LASCODA, Àgbádárìgì ló sì wà, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kéèyàn ti kọ́kọ́ béèrè ìmọ̀ràn. Àgbọn kúkúrú lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, àgbọn gíga máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọdún mẹ́fà sí méje, ṣùgbọ́n ó lè so títí tí ẹni tó gbìn ín á fi darúgbó. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, bí ìgbésẹ̀ ńlá mẹ́jọ. Àrùn tó ń sọ ewé wọn di pupa láti ìsàlẹ̀ títí orí igi fi já wà, kò sì gbóògùn, nítorí náà ibi tí irúgbìn ti wá ṣe pàtàkì. Gbogbo èyí fẹ́ sùúrù, àmọ́ igi tó ń so ni, ẹni tó gbìn ín kò ní máa retí ìkéde ìjọba kó tó jẹ èrè.

Lálẹ́, Zàngbétò jáde. Wọ́n ní kí n wọlé, mo wọlé. Àwọn ni ọlọ́dẹ òru níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, mo sì sùn fọnfọn láìti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Ọkọ̀ kò gbéra. Bàbá awakọ̀ ní títí ọ̀sà á fi rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Mo wo páànù orí ilé tó wà nítòsí, wọ́n ní kò tíì pẹ́ tí wọ́n kàn án, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́ lẹ́nu. Àwọn tó mọṣẹ́ níbẹ̀ ń lo alumíníọ̀mù. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá fi iyanrìn etíkun po kọnkéré láìfọ iyọ̀ kúrò, irin inú rẹ̀ á dógùn-ún, á sì fọ́ ògiri láti inú. Nǹkan mìíràn tí mo rí: aboyún kan wà tó ń dúró de ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú wa láti lọ rí nọ́ọ̀sì nílùú. Àdúrà ni mo ń gbà títí a fi sọdá.

Ọ̀nà sí Mile 2 kún fún ibi àyẹ̀wò. Mo lo àkókò náà láti kọ àbọ̀ tí mo máa jẹ́ fún ẹgbẹ́.

Mo kọ pé ká má san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ etíkun náà. Mo kọ pé ká dá owó díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ká fi ra òróró lọ́wọ́ àwọn obìnrin Gberefu tààrà, ká máa tà á ní Ìkòròdú, ká wo bó ṣe ń lọ títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo kọ pé bó bá lọ dáadáa, ká jókòó pẹ̀lú olórí ẹbí àti gbogbo àgbà ẹ̀ka, pẹ̀lú lọ́yà àti sọ̀fẹ́yọ̀, ká gba ilẹ̀ inú lọ́hùn-ún tó jìnnà sí òkun, ká gbin àgbọn sí i, ká máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é, kí ilẹ̀ sì máa jẹ́ tiwọn. Ẹ̀rọ yìnyín, ẹni tó mọ sólà ni ká kọ́kọ́ bi ní iye tó máa ná wa.

Mo ti sọ fún ìyá onílé mi pé mo ń padà bọ̀ lóṣù Agẹmọ, nígbà tí òkun bá ń ru, kí n lè fojú ara mi rí ibi tí yóò dé lára àwọn èèkàn yẹn. Ó ní kí n má gbàgbé gaàrì Ìjẹ̀bú.